Ẹni Tí Kò Bá Pààrọ̀ Àgádágodo, Òkú Ni

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìṣura, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọ eyín, kó tu omi ẹnu rẹ̀ dànù. Ẹni tó ń bá ìyàwó jà, kó fi ìjà sílẹ̀ díẹ̀, ìjà ò ní sá lọ. Ayélàágbé akéde ti dé! Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ o, Adelé ló rán an. Adelé Ọláòṣebìkan, tó ń bá wa jókòó sórí àga títí Oníṣura ọba wa yóò fi ti àjò dé. Ẹ kí i níbi tó jókòó sí lábẹ́ agboòrùn yẹn. Kì í bá ìlú sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wí, ẹnu akéde ló ń gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ owó wa ni. Owó kírípítò wa, tí a kò lè fọwọ́ kàn, tí a kò lè dì sápò, tó jẹ́ inú fóònù ló ń gbé. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tí olówó nìkan mọ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sùn fọnfọn lórí ẹ̀. Ẹ jí! Ẹ̀rọ kan ń bọ̀! Kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ó ń bọ̀ láti òkè òkun! Wọ́n ní bó bá dé, yóò máa ṣí àgádágodo bí ẹni ń pa ẹ̀pà jẹ. Kò ní béèrè kọ́kọ́rọ́! Kò ní kan ilẹ̀kùn! Lóòótọ́, kò tíì dé. Kò tíì kúrò nílé. Àwọn tó ń ṣe é gan-an ò tíì ṣe é tán. Àmọ́ Adelé ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, Adelé ò sì rí oorun sùn mọ́. Oṣù tó kọjá ni akéde ti kọ́kọ́ ké àṣẹ wọ̀nyí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ yín ò gbọ́. Ẹjọ́ òjò nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ààfin. Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i!

Àṣẹ kìíní! Kí gbogbo olówó kó owó rẹ̀ kúrò lábẹ́ àgádágodo àtijọ́, kó kó o sábẹ́ àgádágodo tuntun tí ààfin ṣe. Kó ṣe é kí oòrùn tó kan àtàrí lónìí. Lónìí o! Ẹ wo òkè fúnra yín.

Àṣẹ kejì! Àgádágodo tuntun wúwo. Ó ń jẹ dátà ju ti àtijọ́ lọ, kì í sì í yó. Olówó ni yóò máa ra dátà fún un. Ẹni tó bá ráhùn, wọn yóò mú un wá síwájú Adelé, yóò tún ráhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Adelé yóò sì sùn lọ lójú ẹ̀.

Àṣẹ kẹta! Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ààfin gba owó òun. Ààfin kì í gba owó ẹni! Owó rẹ, tìrẹ ni. Tìrẹ ni pátápátá! Níwọ̀n ìgbà tí o bá ti ń ṣe ohun tí a ní kí o ṣe. Owó tó bá ṣẹ́kù sábẹ́ àgádágodo àtijọ́, ààfin yóò kàn bá olówó dì í pa ni, kí ẹnikẹ́ni má lè ná an mọ́ láéláé, àti olówó náà fúnra rẹ̀. Kí olè má baà jí i ni o! Kí olè tó mú un lọ, ẹ jẹ́ ká ti mú un kúrò nílẹ̀! Akéde bi wọ́n pé kí ni ká wá máa pe ìyẹn. Wọ́n ní ìtọ́jú ni. Ẹni tó bá pè é ní nǹkan mìíràn, yóò fi ẹ̀yìn rìn yí ààfin po, yóò sì máa dúpẹ́ ìtọ́jú bó ṣe ń lọ.

Àṣẹ kẹrin rè é, òun ló wúwo jù. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ àgádágodo, òkú ni! Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Òkú ni! Kì í ṣe pé wọn yóò pa á o. Ààfin kì í pààyàn. Kó máa jẹun rẹ̀ lọ. Kó máa sùn, kó máa jí. Àmọ́ òkú ni. Òkú kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípàdé ìlú. Òkú kò gbọdọ̀ bá alààyè du ìjókòó. Ìyàwó òkú lè ṣọ̀fọ̀ bó bá wù ú, bí ọkọ náà bá sì ráyè, kó bá a ṣe é. Owó omi nìkan ni òkú yóò ṣì máa san.

Kí ló dé tó fi gbọdọ̀ jẹ́ òkú? Àṣà ni. Ní Òkè-Ìṣura níbí, a kì í ṣí àpótí ẹni tó rìnrìn àjò. Bí òjò ń pa á, bí ikán ń jẹ ẹ́, a kì í ṣí i. Àpótí òkú nìkan là ń ṣí. Ààfin wá fẹ́ fọwọ́ kan owó ẹni tí kò sí nílé, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é? Wọ́n ronú títí. Wọ́n mu ògógóró sí i. Wọ́n ní kò le rárá: ká kọ́kọ́ sọ olówó di òkú, àṣà á sì wà ní ipò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé orí wọn pé!

Àṣẹ karùn-ún! Ibi tó ti dun akéde nìyí, kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Baba tó bá mọ ọ̀rọ̀ àṣírí ọmọ rẹ̀ tó wà lájò lè bá a kó owó náà sábẹ́ àgádágodo tuntun. Àmọ́ kó kọ́kọ́ dúró ní gbangba ọjà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ òun ti kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ayélàágbé bímọ kan. Mùfútáù ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, Mùfútáù tó máa ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ wáṣẹ́. Kó tó lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ sí baba rẹ̀ létí, ó ní bí òun bá dé, owó yẹn lòun máa fi kọ́lé. Láti ìgbà náà, kò tíì pè. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú Ayélàágbé dòní. Bó bá fi ṣí owó ọmọ rẹ̀, owó yè, ṣùgbọ́n ó ti fẹnu ara rẹ̀ pa ọmọ. Bí kò bá ṣí i, owó lọ, yóò sì tún pe ọmọ ní òkú náà ni, torí àṣẹ kẹfà sọ pé akéde ni kó pe orúkọ gbogbo òkú lójú ọjà lónìí. Haa! Ìyá Mùfútáù ti sọ tirẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹnu tó bá pe ọmọ òun ní òkú, òun ò mọ ẹni tó ni ín.

Ayélàágbé sunkún. Àgbàlagbà sunkún, ohùn rẹ̀ há, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Ó lọ bẹ Adelé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Adelé ní kò sí ojúsàájú. Ó ní ì báà ṣe ọmọ akéde, ì báà ṣe ọmọ ọba, kí akéde bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, kó máa sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi máa kan tálákà. Ó fi ọ̀pá lulẹ̀ gbì! Ọ̀rọ̀ parí.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti kan àtàrí. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a máa jẹ́ ẹ fún. Akéde fẹ́ jíṣẹ́ o!

Òkú àkọ́kọ́! Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ní gbogbo Òkè-Ìṣura! Ẹni tí kò fọwọ́ kan owó náà látọjọ́ tó ti lọ, tí kò pààrọ̀ àgádágodo kankan! Adégòróyè! Oníṣura Adégòróyè fúnra rẹ̀! Ẹni tó dá owó yìí sílẹ̀ fún wa, tó wá rìnrìn àjò tí a ò mọ ibi tó gbà! Kò dé, kò ránṣẹ́, kò pààrọ̀. Òkú ni! Ẹ bá wa kẹ́dùn o! Oníṣura ti kú!

Ẹ dákẹ́ ariwo! Ẹ jẹ́ kí akéde parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àgbà, kí la máa ń ṣe bí Oníṣura bá kú? Adelé á ṣí fìlà. Adelé á sọ̀ kalẹ̀ lórí àga lọ́jọ́ náà gan-an, á gba ilé baba rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bọ̀ là ń délé dè, a kì í délé de òkú. Àṣà náà ni, àwa kọ́ la dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin ìránṣẹ́ ààfin, ẹ bá Adelé palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ̀n-ẹ́n? Adelé ti dìde o! Adelé ń ju ọwọ́! Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ Adelé! Ẹ yà fún un, etí akéde ló ń bọ̀ wá bá. Bàbá, ẹ rọra. Ẹ mí ná.

Àṣẹ tuntun! Àṣẹ tuntun, gbígbóná ló ń jáde! Oníṣura kò kú o! Adelé ń béèrè pé ta ló ní ó kú. Ó rìnrìn àjò ni! Adelé ní ẹni tó rìnrìn àjò kò kú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan owó rẹ̀, ì báà jẹ́ ààfin. Akéde rọra bi í létí pé ṣé Oníṣura nìkan ni, àbí gbogbo arìnrìn-àjò. Adelé wo èrò. Adelé wẹ̀yìn wo àga. Ó ní gbogbo wọn. Gbogbo wọn pátá! Ẹni tó bá pe arìnrìn-àjò ní òkú láti òní lọ, yóò fa ewúrẹ́ kan lọ fún ìyá arìnrìn-àjò náà, yóò sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà àti ewúrẹ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ pààrọ̀ àgádágodo yín o. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe àlọ́, Ayélàágbé ti pààrọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè dé lọ́la kó kó owó Mùfútáù tó ṣì wà lábẹ́ àgádágodo àtijọ́ lọ, akéde ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Bó bá kó o, olè ló kó o, olè náà la ó sì máa pè é.

Akéde ti jíṣẹ́ tán. Ó ku ẹyọ kan, ìkan yìí ló sì fẹ́ fi gbogbo ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ ké. Mùfútáù ọmọ Ayélàágbé kò kú o! Ó wà lájò! Adelé ló wí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjà ló gbọ́! Ẹni tó bá gbọ́, kó sọ fún ìyá rẹ̀.