Èémí Inú Yàrá Bàbá

Ṣé ẹ̀yin náà máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé ẹni tó bá dí èémí, kó má bèèrè ibi tó gbà yọ? Ẹ máa ń mi orí bí ẹni tó yé, àmọ́ ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kí n tó débi ẹ̀rín, kó dìde kó máa lọ sílé rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ òkú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Òro tó ń jẹ́ Oyèkúnlé. Alùpùpù ti kọ lu bàbá rẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì sọ ọ́ di ẹni tó ń tiro. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé, "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí, alùpùpù kan ò ní wọ inú ilé yìí." Oyèkúnlé kì í ṣe ọmọ tó ń bá àgbà jiyàn. Ó dákẹ́, ó ń dúró. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n sin ín sínú yàrá rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ inú rẹ̀ yíká, wọ́n gbé pákó lé e, wọ́n wá da sìmẹ́ǹtì bò ó. Lónìí ni ogójì ọjọ́ pé, lọ́la ni Oyèkúnlé wa alùpùpù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èrò ló fi ń gbé lọ sọ́jà, òun náà ló sì ń bọ́ aya àti ọmọ rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ní àràárọ̀, kó tó jáde, ó máa ń tan ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè gbóná. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù máa ń mí bí èèyàn, ẹ bi mẹkáníìkì èyíkéyìí. Rọ́bà kékeré kan wà lára rẹ̀ tí èémí náà ń gbà jáde, èémí ọ̀hún a sì máa gbé ìkùukùu epo dání. Ibi tí Fadérera ìyàwó rẹ̀ ti ń pọ́n ẹ̀kọ gan-an ni rọ́bà yìí kọjú sí.

"Bàbá Ìdúnnú," ni Fadérera wí, "àwọn oníbàárà mi ti ń sọ pé ẹ̀kọ mi ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i o, kí n tó da omi gbígbóná lé e lórí."

"Ìyẹn ò tó ohun tí à ń gbé lọ bá mẹkáníìkì," ni Oyèkúnlé dáhùn. "Èmi fúnra mi á ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ nílé ọkùnrin. Ó yọ rọ́bà kékeré, ó fi rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fa epo nínú kẹ́ẹ̀gì sí ipò rẹ̀, pé nílé nìkan ni òun á máa lò ó. Ó wá ibi tó máa ki ẹnu rẹ̀ kejì bọ̀, ó sì rí ihò eku kan lẹ́sẹ̀ ògiri. Ó gbà pé ẹ̀yìnkùlé ni ihò náà yọ sí. Kó lọ wo ẹ̀yìnkùlé ni kò ṣe. Abẹ́ ògiri ni ihò náà gbà, ó sì já sínú sàréè bàbá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tan alùpùpù sílẹ̀, ó sì wọ yàrá bàbá lọ mú ẹ̀wù òtútù. Yàrá náà tutù, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Ó ti mú ẹ̀wù, ó fẹ́ jáde, ló bá gbọ́ ọ.

"Hùùù… hùùù…"

Kì í ṣe ìró ẹ́ńjìnnì. Ìró ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni èyí ti ń wá, bí ìgbà tí arúgbó bá ń sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ wò. Sìmẹ́ǹtì ti sán níbi orí sàréè, ohun funfun kan bí èéfín sì ń yọ jáde níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ń rùn bí epo tí bàbá máa ń fi pa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nígbà ọyẹ́. Gbogbo irun ara Oyèkúnlé dìde. Ó sáré jáde, ó pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tó fi etí sílẹ̀, yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó tún un tàn. Bàbá tún mí. Ó pa á. Bàbá dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dán an wò, bákan náà ló rí. Ní ọjọ́ kẹta, àmì dúdú kan tó lọ́rinrin ti hàn lójú sìmẹ́ǹtì, bí ẹni pé òkú ń làágùn. Oyèkúnlé jókòó sílẹ̀, ẹ̀rù bà á débi tí kò lè mu omi. Òfin bàbá ni pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí. Bàbá sì rèé, ó ń mí.

Nígbà tí Fadérera fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kò pariwo. Ó kàn ń di ẹrù. "Tó bá di ọ̀tunla tí wọ́n ṣì ń mí," ló wí, "èmi àti Ìdúnnú ti dé ilé bàbá mi nìyẹn."

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò olóògbé méjèèjì, Bàbá Lámídì àti Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ wá, torí wọn ò fẹ́ fi ìwọ̀kuwọ̀ ko òkú lójú. Bàbá Lámídì jókòó sórí àga nínú yàrá, ó ní, "Oyèkúnlé, lọ tan nǹkan rẹ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá mí, o ó tà á lónìí. Bí wọn ò bá mí, máa gùn ún lọ."

Oyèkúnlé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kò fẹ́ kí epo ta sí aṣọ funfun àwọn àgbà, ó bá rọra ki rọ́bà gígùn náà bọ inú ihò dáadáa kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì tan án.

"Hùùù…"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wólẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú! Èmi ni mo jẹ itan adìyẹ tí ẹ torí ẹ̀ lé ológbò jáde nílé!"

Lọ́dẹ̀dẹ̀, ìbẹ̀rù mú kí Oyèkúnlé ṣèèṣì yí ọwọ́ tó ń fún alùpùpù ní iná, ẹ́ńjìnnì sì ké sí i. Sàréè náà dá a lóhùn, "Hù-hù-hù-hù!"

"Ó kù o, wọn ò tíì gbà!" ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ ké. "Bàbá Lámídì, jẹ́wọ́!"

Bàbá Lámídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ń gun igi obì yín lọ ká a! Ọ̀bọ tí ẹ yìnbọn pa yẹn ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀!"

"Hù-hù-hù-hù!"

"Ó dáa, ó dáa! Obìnrin Ìlọrà tí ẹ fẹ́ fẹ́ tó kọ̀ yín sílẹ̀, èmi ni mo lọ sọ fún un pé ẹ ṣì ń tọ̀ sílé!"

Oyèkúnlé pa ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Ó ti ń ronú ẹni tó máa ta alùpùpù fún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà lọ́kàn Bàbá Lámídì báyìí.

"Ẹni tó ń mí lè sọ̀rọ̀," ló wí. "A ò mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Ẹ gbé sìmẹ́ǹtì wá. Ká dí i. Bí wọn ò bá ríbi mí, wọn ò ní mí mọ́. Bí wọn ò bá mí mọ́, òfin wọn ti parí, ìwọ náà á sì máa gun alùpùpù rẹ."

Inú Oyèkúnlé dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi po sìmẹ́ǹtì náà, omijé ń kán sínú ẹ̀, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ forí jì mí." Wọ́n da púpọ̀ sínú ojú sísán yẹn. Sìmẹ́ǹtì ṣàn wọlẹ̀, ó kún ihò eku, ó sì dí ẹnu rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ pinpin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sìmẹ́ǹtì ti gan. Àwọn àgbà tún dé pẹ̀lú aṣọ funfun mìíràn. Oyèkúnlé tan alùpùpù. Wọ́n fi etí lélẹ̀. Yàrá pa lọ́lọ́.

"Wọ́n ti sùn!" ni Bàbá Lámídì wí. Gbogbo wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n yí alùpùpù ká, wọ́n ń súre fún un. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ti ń kérora bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ó ń gbọ̀n. Ìró kan ń jáde lára rẹ̀ tí Oyèkúnlé kò gbọ́ rí. Kó tó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, rọ́bà tó dí epo mọ́ ẹ́ńjìnnì nínú ti já. Pòòò! Epo dúdú gbígbóná tú jáde, ó bo Bàbá Lámídì láti fìlà dé bàtà, ó bo gèlè Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ó sì bo gbogbo agbọ̀n ẹ̀kọ Fadérera.

"Wọ́n ti jáde!" ni Bàbá Lámídì ké, ó ṣubú lulẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ti jáde!"

Oyèkúnlé nu ojú. Ó di rọ́bà gígùn náà mú, ó fà á tagbáratagbára. Rọ́bà yọ, òkúta sìmẹ́ǹtì kan tó ẹ̀ṣẹ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo rọ́bà. Ó wo ihò. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá bàbá. Ìtura bá a, ìbànújẹ́ sì bá a pẹ̀lú, torí ó ti ń mọ́ ọn lára pé bàbá òun ṣì wà nílé.

"Ṣé alùpùpù ni mo jẹ́wọ́ adìyẹ fún?" ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ bèèrè.

Bàbá Lámídì dìde, epo ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. "Oyèkúnlé ọmọ mi," ló wí jẹ́jẹ́, "alùpùpù rẹ dára púpọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kó o tà á mọ́. Èmi ni màá pe mẹkáníìkì wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tá a sọ lánàá, inú ilé yìí ni kó kú sí."

Oyèkúnlé fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó búra. Ìyá Ọlọ́ṣẹ náà búra. Bàbá Lámídì búra lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn wọn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí bẹ Fadérera, tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹ́wọ́, tí ẹ̀kọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ tán. Fadérera gbé agbọ̀n òfìfo, ó gba ọjà lọ, ó lọ ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ìdí tí kò fi sí ẹ̀kọ lónìí. Ṣé ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣàlàyé gbọ́dọ̀ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí oòrùn tó kàn tàrí, gbogbo ẹni tó bá pàdé Bàbá Lámídì lọ́nà ló ń kí i pé, "Ẹ kú orí igi o, Bàbá!" Ló bá sáré padà wá bá Oyèkúnlé níbi tó ti ń nu alùpùpù rẹ̀.

"Ta ló sọ ọ́?" ló ń pariwo. "Gbogbo wa la búra! Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí gbà jáde?"

Oyèkúnlé kò gbójú sókè. Ó ń nu epo kúrò lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Ẹni tó bá dí èémí, kó má bèèrè ibi tó gbà yọ."