Ìwé Ìròyìn Tó Wé Àkàrà Mi

Ọjọ́ tí mo lọ tọrọ ìyàwó ní Ojowo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ò ní tán lọ́kàn mi, àní bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Ẹ mọ̀ pé ẹbí ọkọ ló máa ń mú lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó wá, tí àbúrò ìyàwó á sì kà á sókè. Àwọn mìíràn máa ń ra èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Èmi tí mo kàwé ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ní àfi kí n fọwọ́ ara mi kọ tèmi, lédè òyìnbó tó ń dún.

Ní bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, mo ra àkàrà. Ta ni mo rí lórí ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e? Bàbá Bísí àfẹ́sọ́nà mi, àna mi lọ́la, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì! Wọ́n ń yìn ín nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní ilé ìwé rẹ̀. Òkè ibi tí orúkọ ìwé ìròyìn máa ń wà ti ya dànù. Kí ni mo fẹ́ bi ẹnikẹ́ni sí? Mo fi orúkọ èyí tí mo mọ̀ jù sínú lẹ́tà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, mo ti kọ́gbọ́n. Mo tún wá pè é ní ìwé ìròyìn ńlá tí kì í purọ́, mo ní òun ló jẹ́ kí n mọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́.

Lọ́jọ́ ìtọrọ náà, àbúrò Bísí ń kà á, èmi ń mi orí. Bó ṣe dárúkọ ìwé ìròyìn yẹn báyìí, ṣe ni Bàbá ṣí fìlà.

"Ta ló kọ èyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi nàka sí mi, ọ̀dàlẹ̀ ni.

"Àwọn yẹn ló pè mí ní olè lójú gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó! Wọ́n ní mo jí páànù ilé ìwé tà. Mo bá wọn dé kóòtù. Àwọn ló wá ń jẹ́rìí mi fún ọ?"

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ kí n panu mọ́. "Ẹ má bínú, sà," ni mo wí, "ìkan náà kúkú ni gbogbo wọn." Ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ tẹ̀ mí. Mo bá fa ìwé àkàrà yọ lápò, mo nà án sí Bàbá, epo rẹ̀ sì ràn mọ́ agbádá funfun tí Bàbá wọ̀. Mo gbọ́ tí Bísí bú sẹ́kún nínú yàrá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Bàbá wo ìwé náà títí, ó dá ìròyìn náà mọ̀. "Àwọn wọ̀nyí ló gbè mí lẹ́yìn nígbà yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "O gbé oore wọn fún ọ̀tá mi. Ṣé báyìí lo ṣe máa tọ́jú orúkọ ọmọ mi? Jókòó, kọ ọ́ padà. Èyí tí o kò bá mọ̀, bèèrè."

Orí orúnkún mi ni mo ti kọ ọ́, ojú gbogbo ẹbí ń bẹ lára mi, ìrẹsì ń tutù. Mo bèèrè orúkọ ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ Bàbá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n tún un kà, Bàbá mi orí. Wọ́n mú Bísí jáde.

A ti bímọ báyìí. Mo ti mọ̀ pé kéèyàn tó pe ẹnì kan ní ẹlẹ́rìí, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìròyìn kankan dé Ojowo títí dòní, kí n tó la ẹnu tán, Bàbá á ti ní, "Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Àbí àkàrà ni?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, etí mi á sì máa gbóná.