Àgbà Tí Bátìrì Rẹ̀ Ti Kú Kò Gbọdọ̀ Ṣubú

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Òkè-Ìrókò, lọ́kùnrin lóbìnrin! Ẹni tó ṣì wà lórí ẹní kó dìde. Ẹni tó ń wẹ̀ kó yọ orí síta, kó fi ara sílé.

Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Àgbà ló rán akéde níṣẹ́. Olóyè Ògúnmọ́dẹdé, alága wọn, ló fọwọ́ sí i. Akéde kì í bù mọ́ iṣẹ́, kì í bù kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dá lé àlámù ọrùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ohun pẹlẹbẹ bí awẹ́ obì, tí ìgbìmọ̀ fi okùn kọ́ sí àwọn àgbà wa lọ́rùn. Bí àgbà bá ṣubú, á tẹ bọ́tìnì rẹ̀, aago á dún ní gbọ̀ngàn ìlú, àwọn olùtọ́jú á sì sáré wá. Bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Bátìrì náà ló dá wàhálà sílẹ̀.

Òfin kìíní! Ẹni tó ta àlámù náà fún wa ní bátìrì rẹ̀ kì í lò ju ọdún kan lọ. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Wọ́n dìbò. Ọdún márùn-ún ló wọlé! Bátìrì tó bá kú ṣáájú ìgbà náà ti tàpá sí ìgbìmọ̀, ẹni tó gbé e kọ́rùn ni yóò sì jẹ́jọ́ rẹ̀.

Òfin kejì! Bí agbára bátìrì bá ń tán lọ, àlámù á máa ké pí-pí. Igbe yìí ń da ìpàdé ìgbìmọ̀ rú. Kí olúkúlùkù fi gèlè tàbí fìlà dì í títí yóò fi dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, ìgbìmọ̀ á kà á sí pé ara rẹ̀ ti yá.

Òfin kẹta! Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá kú pátápátá kò gbọdọ̀ wá sí gbọ̀ngàn. Kó tẹ bọ́tìnì àlámù náà, kí ìgbìmọ̀ lè gbọ́ pé bátìrì ti kú. Akéde bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Kó tẹ bọ́tìnì!

Òfin kẹrin! Àgbà tó ń dúró de bátìrì tuntun kò gbọdọ̀ ṣubú. Kò gbọdọ̀ ṣubú! Ẹni tó bá ṣubú láìgbàṣẹ yóò tu gbogbo koríko iwájú gbọ̀ngàn, bó bá ti lè dìde.

Òfin karùn-ún ló wúwo jù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó bí i.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, ẹsẹ̀ yọ Màmá Ojúọlápé, ìyá tó bí akéde yìí, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Itan rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó tẹ bọ́tìnì. Bátìrì ti kú, kò sí ohun tó dún ní gbọ̀ngàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rò pé àwọn olùtọ́jú ti wà lọ́nà, ó sì ń gbìyànjú níbi tó wà láti tún aṣọ rẹ̀ ró, kí àlejò má bàa bá a láìbora. Ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ mọ́. Sàádátù aránṣọ, aládùúgbò rẹ̀, ló yà wọlé ní ìdájí láti kúnlẹ̀ kí i, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Dípò ìdáhùn, ìkérora ló gbọ́. Òun ló gbé màmá dé ọsibítù.

Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ní ṣé màmá tẹ bọ́tìnì náà bó ṣe yẹ. Màmá yíjú sí ògiri. “Ẹ sọ fún Olóyè kó gbé e kọ́rùn ara rẹ̀, kó wá ṣubú wò.”

Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n sì rí ẹlẹ́bi. Sàádátù ni! Ó ṣe iṣẹ́ àlámù láìgba ìwé àṣẹ! Nítorí náà, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà kí àgbà ní ìdájí. Irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ń sọ àlámù ìlú di ẹlẹ́yà. Ẹ̀rọ ìránṣọ Sàádátù ti wà ní àtìmọ́lé. Ẹni tó bá tún dán an wò, wọ́n á lé e nílùú, tòun ti àgbà tó bá dá a lóhùn!

Iṣẹ́ tí wọ́n rán akéde parí síbí. Ó ti jẹ́ ẹ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Wàyí o, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Akéde ń lọ sí ọsibítù, ó ń lọ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Gbogbo ilé àgbà tó bá wà lójú ọ̀nà ni yóò yà. Ẹni tí ìgbìmọ̀ bá rán láti mú un kò ní ṣìnà: ibi tó bá ti gbọ́ tí àgbà ń dáhùn, ibẹ̀ ni akéde wà.

Ẹ káàárọ̀ o!