Òrùlé Tí Kì í Gbó Nínú Fọ́tò

Kí n tó sọ ohunkóhun fún yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí Ọ̀gá Dídán kù sí: kò lè fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe bá a. Onífọ́tò ni. Bí ẹni àádọ́ta ọdún bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni ogún ọdún ló máa bá nínú fọ́tò. Irorẹ́ á pòórá, ìwunjọ iwájú orí á tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Obìnrin kan ya fọ́tò níbẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, ọkọ bá pè é padà pé, "Èwo nínú àwọn àbúrò rẹ nìyí? Mi ò rò pé a ti pàdé rí."

Bó ṣe di Ọ̀gá Dídán nìyẹn, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn dé ọkàn.

"Ẹ fi ojú yín sílẹ̀ fún mi," ni ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà, á sì fọwọ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe lórí. Ẹ rántí fìlà yẹn o. Ọkùnrin yìí kì í ṣí i lójú ẹnikẹ́ni. A ṣì máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú fọ́tò kọ́ ni Ọ̀gá Dídán ń gbé. Ilé gidi ló ń gbé, òrùlé ilé náà sì dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí ọ̀hún ti di bàbá ọmọ. Páànù ti dípẹtà kọjá ohun tí à ń fẹnu sọ. Bí òjò bá ṣú, ìyàwó rẹ̀ kì í wo ojú ọ̀run, korobá ló máa ń kó jáde, korobá kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ń jókòó sí nínú pálọ̀. Tí àlejò bá gbójú sókè tó rí ihò, Ọ̀gá Dídán á ti dáhùn kí wọ́n tó bi í.

"Afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Ilé tí kò bá lè mí, àìsàn ló ń kó bá èèyàn."

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí aṣọ oníbàárà tutù tó sú u, ó kó owó ara rẹ̀ jọ, ó kọ́ yàrá kékeré kan sẹ́yìnkùlé, ó sì fi páànù tuntun bò ó. Ẹ̀kán omi kan kò wọ ibẹ̀ rí. Ọ̀gá Dídán wò ó látòkè délẹ̀, ó ní ó jọ ilé ẹyẹlé. Ilé ẹyẹlé náà ló sì ń pè é láti ọjọ́ náà.

Àfi bí ìyá kan tó ni ilé-ìwé ńlá ṣe wá bá ìyàwó lọ́jọ́ kan, pé òun fẹ́ kó máa rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé òun. Gbogbo wọn! Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti ń tẹ máṣíìnì, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọlé tọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ìyá onílé-ìwé ní nǹkan kan wà.

"Aṣọ tí màá kó síbí máa pọ̀, ìyàwó. Bí iná bá jó o ńkọ́? Bí olè bá kó o ńkọ́? Ẹ lọ gba ìwé ìnṣọ́ránsì. Tí mi ò bá rí i kí àwọn ọmọ tó wọlé ní táàmù tuntun, ẹ má bínú, aránṣọ míì ni màá gbé e fún."

Ìyàwó kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ló sùn, tó tún ń hanrun.

"Fọkàn balẹ̀, ìyá àwọn ọmọ," ló wí nígbà tó jí. "Ilé tèmi yìí? Àwọn oníǹṣọ́ránsì ni wọ́n máa wá bẹ̀ wá!"

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́tò ilé náà ránṣẹ́. Fọ́tò! Ọ̀gá Dídán rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ya ilé náà, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ́kọ́ nu ìpẹtà kúrò. Nígbà tí ìpẹtà lọ tán, ó rí i pé páànù lásán kò yẹ ẹni bíi tòun, ó bá sọ ọ́ di òrùlé aláwọ̀ pupa, irú èyí tí àwọn olówó ń lò. Òrùlé wá dójú ti ògiri, ló bá kun ògiri. Ó gbin òdòdó síwájú ilé, ó yọ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Nígbà tó rí ilé ẹyẹlé tó ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa á rẹ́ pátápátá, ó gbé igi kan tó ní ewé dáadáa síbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Olówó orí mi, ta ló nilé yìí?"

"Àwa ni."

"Ẹ jẹ́ ká tètè kó lọ síbẹ̀, kí onílé tó dé."

"Ṣé o rí i, o fẹ́ràn àwàdà jù."

"Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, mo bẹ̀ yín. Mo nílò iṣẹ́ yìí."

"Òótọ́ náà nìyí. Mo kàn bá a tún ojú ṣe díẹ̀ ni."

Kò pẹ́ tí èsì fi dé: ilé yín wù wá gan-an, a ó rán alábẹ̀wò wá kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀gá Dídán ka èsì náà, ó tún un kà. Kò rò ó tẹ́lẹ̀ rárá pé ẹnikẹ́ni máa fi ojú ara rẹ̀ wá wò ó.

Ní ọjọ́ tí alábẹ̀wò máa dé, ó wọ aṣọ tó le gbandi, ó dúró síwájú ilé. Bí ó ti dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé báàgì kọ́ èjìká, ó mú fọ́tò kan lọ́wọ́, ó ń wo ilé bó ṣe ń lọ. Ó kọjá níwájú Ọ̀gá Dídán. Ó rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò, ó ṣẹ́rí padà, ó tún kọjá. Nígbà tó yá, ó dúró, ó nu òógùn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ilé yìí. Wọ́n ní àdúgbò yìí ló wà."

Ọ̀gá Dídán wo fọ́tò náà. Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ ọ̀hún dùn-ún wò! Orí rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló rántí ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ilé yìí... ó mà rẹwà o."

"Ó rẹwà gan-an, sà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ onílé rẹ̀ díẹ̀."

Alábẹ̀wò na fọ́tò sí àgbà kan tó ń tún bàtà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ títì. Alátùn-únṣe bàtà wò ó, ó yí i po, ó tún wò ó.

"Àdúgbò yìí kọ́ o. Tí irú ilé báyìí bá wà níbí, ibẹ̀ ni ǹ bá ti máa lọ kí wọn láràárọ̀."

"Kò burú, ẹ jẹ́ kí n pe onílé."

Ó tẹ fóònù. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú àpò Ọ̀gá Dídán. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orin náà ò dákẹ́.

"Ọ̀gá Dídán, fóònù yín ń dún," ni alátùn-únṣe bàtà wí.

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbé e, ó lè jẹ́ ire."

Kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbé e sétí. Òun àti alábẹ̀wò dojú kọra wọn, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni alábẹ̀wò wí sínú fóònù. "Mo ti dé àdúgbò yín, mi ò kàn rí ilé yín ni."

"Ẹ yíjú sápá òsì yín," ni Ọ̀gá Dídán dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ sínú tirẹ̀.

Alábẹ̀wò yíjú. Ó wo ilé, ó wo fọ́tò, ó wo Ọ̀gá Dídán. Ó pa fóònù.

Wọ́n wọlé. Wọn kò tan iná, síbẹ̀ oòrùn ti gba ojú ihò sọ̀ kalẹ̀ sórí àga, sórí tábìlì, káàkiri. Alábẹ̀wò gbójú sókè.

"Sà, fọ́tò yín sọ fún wa pé òrùlé yìí ṣì tuntun."

"Ẹ wo bó ṣe ń mí!" ni Ọ̀gá Dídán bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni oòrùn fara pamọ́, ojú ọ̀run ṣú, òjò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sórí imú alábẹ̀wò. Ìyàwó kó korobá wọlé, ó ń gbé wọn kalẹ̀ láìwolẹ̀. Ó dúró lọ́dọ̀ àlejò.

"Ẹ dákun, ẹ sún díẹ̀. Àyè korobá lẹ dúró sí."

Alábẹ̀wò sún fún korobá. Ó pa báàgì rẹ̀ dé.

"Ẹ má bínú, mà. Kò sí bí a ṣe lè gba òrùlé yìí."

Obìnrin náà jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú. "Iṣẹ́ mi lọ nìyẹn," ló wí, omijé sì gba àárín ìka rẹ̀ yọ.

Ọ̀gá Dídán rí i. Ojú tó sunkún tí ọkùnrin yìí ti bá àwọn èèyàn nù nínú fọ́tò kò lóǹkà, ṣùgbọ́n èyí wà níwájú rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà. Ó dùn ún wọ egungun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fẹ́ kí àlejò rí ohun tó wà nínú ilé òun gan-an.

"Arákùnrin," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "òjò yìí máa pa yín níbí. Ẹ jẹ́ ká sá lọ sí... sí ilé ẹyẹlé."

Wọ́n sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Nínú yàrá ìránṣọ, ilẹ̀ gbẹ, ògiri gbẹ, aṣọ gbẹ lórí ìkọ́. Òjò ń pariwo lórí páànù lásán ni. Alábẹ̀wò fọwọ́ pa ògiri, ó wo àjà yíká.

"Èyí dáa! Kí ló dé tí kò sí nínú fọ́tò?"

"Mo yọ ọ́ kúrò," ni Ọ̀gá Dídán wí.

"Kí lẹ wá fi síbẹ̀?"

"Igi."

Ẹ̀rín pa alábẹ̀wò débi tó fi di máṣíìnì mú. "Òrùlé kan ṣoṣo tí à ń wá, ẹ fi igi bò ó mọ́lẹ̀! Mà, ẹ nu ojú yín. A lè ṣe ìnṣọ́ránsì yàrá yìí àti gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lónìí. Ilé ńlá yẹn, ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ òrùlé rẹ̀ ni. Fọ́tò pélébé ti onílé nìkan ló kù."

Fọ́tò kẹ̀! Ara Ọ̀gá Dídán tún yá gágá. Ó fa tirẹ̀ yọ nínú àpò. Alábẹ̀wò wò ó títí.

"Ọmọ yín ọkùnrin ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ dákun, sà, ẹ bá mi ṣí fìlà."

Ó ṣí i. Nínú fọ́tò, irun dúdú kún bámúbámú. Lórí Ọ̀gá Dídán, ẹyọ kan kò sí.

"Òrùlé kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n wá wò o, sà," ni alábẹ̀wò wí.

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Ọ̀gá Dídán fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí ti jò tipẹ́," ló wí. "Fìlà ni korobá rẹ̀."

Ìyàwó fa fọ́tò tirẹ̀ yọ láti inú dúrọ́ọ̀. Ojú rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀, tòun ti ìwunjọ. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì, lọ́dọ̀ onífọ́tò tí ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé kò mọṣẹ́, ló ti lọ yà á.

"O lọ sọ́dọ̀ ìyẹn?" ni Ọ̀gá Dídán wí.

"Olówó orí mi, fọ́tò tí èmi fúnra mi máa dá mọ̀ ni mo ń wá."

Orúkọ ìyàwó ló wọ ìwé ìnṣọ́ránsì. Ó rán yunifọ́ọ̀mù, owó ibẹ̀ ni wọ́n sì fi pààrọ̀ òrùlé ilé ńlá. Ọ̀gá Dídán ya òrùlé tuntun náà, kò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀, kódà ewé gbígbẹ tó bọ́ sórí páànù, ó fi í sílẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ọjọ́ náà ni èsì dé: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èyí tó jẹ́ òótọ́ la fẹ́ rí." Ó búra, ó tún búra. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn bá wọn yà á.

Bó ṣe sọdá títì nìyẹn o, tó lọ bẹ onífọ́tò tí kò mọṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà wá tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó to ọkọ àti ìyàwó síwájú ilé, òrùlé tuntun ń dán lókè wọn, orí Ọ̀gá Dídán sì ń dán nísàlẹ̀. Ó yà á. Ó wo ojú kámẹ́rà, ó tún wò ó, ó wá sún mọ́ Ọ̀gá Dídán, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín fi irun díẹ̀ sí i?"