Ajá Tí Láwuyì Sin

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Opó kan wà nílùú Òkè-Ìgbẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sọ́nà jíjìn, ajá pupa kan tó ń jẹ́ Tańmọ̀la ló kù tí wọ́n jọ ń gbé. Bí Àwẹ̀ró bá ń sọ̀rọ̀, Tańmọ̀la á na etí sókè bí ẹni tó fẹ́ fèsì. Láwuyì aládùúgbò rẹ̀ náà ní ajá pupa tirẹ̀, Ìfura. Ìyá kan náà ló bí àwọn ajá méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, Tańmọ̀la ò sì wálé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Láwuyì rí òkú ajá kan létí odò, ẹrẹ̀ ti bò ó.

"Yéè! Ajá ìyá Àwẹ̀ró rèé!"

Àánú opó náà ṣe é débi pé ó bú sẹ́kún. Ó gbẹ́lẹ̀, ó sin ajá náà, kò tilẹ̀ nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Omijé ò jẹ́ kó rí ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ dáadáa, áḿbọ̀ǹtorí ojú ajá. Ó wá lọ túfọ̀ fún Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wó lulẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń kọjá ní, "Ajá mà ni, ìyá! Ẹ ra òmíràn."

Fadérera, àbúrò Àwẹ̀ró, kọjú sí i: "Bí ìyàwó ẹ bá kú, ṣé bá a ṣe máa kí ọ nìyẹn?"

Ni àwọn èèyàn bá ń wá bá a kẹ́dùn. Baálẹ̀ ìlú rántí ẹṣin rẹ̀ tó kú, ó bú sẹ́kún. Fadérera rántí ológbò rẹ̀. Ọkùnrin tó ní kí wọ́n ra òmíràn rántí àgùntàn kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, ariwo tirẹ̀ ló wá pọ̀ jù. Gbogbo wọn faṣọ bojú.

Àsìkò yẹn ni Tańmọ̀la wọlé. Abúlé kejì ló sá òjò sí. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó jẹ ẹran tí wọ́n sè fún àlejò tán, ó wá ń lá ojú Àwẹ̀ró.

"Fadérera, ó tó, má nù mí lójú mọ́."

"Èmi kọ́, ẹ̀gbọ́n mi," Fadérera fèsì lábẹ́ aṣọ.

Tańmọ̀la gbó. Baálẹ̀ ṣíjú, ó pariwo pé, "Òkú ajá!" ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Àwẹ̀ró dì mọ́ ajá rẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Láwuyì.

"Ta ni mo wá sin?"

Ó sáré délé. "Ìfura! Ìfura!" Kò sóhun tó dáhùn.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó ra òmíràn. Àwẹ̀ró lọ jókòó tì í nílẹ̀, ó ní kó sọ bí Ìfura ṣe rí fún òun. Láwuyì sọ bí ajá náà ṣe máa ń sá sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ bí àrá bá sán. Ìgbà tí ẹkún gbé e, ó fa aṣọ láti fi bojú. Àwẹ̀ró gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sunkún rẹ̀ dáadáa, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n mú aṣọ yẹn kúrò lójú."

Nítorí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ sin ajá ara rẹ̀ lórúkọ ajá aládùúgbò, kó yáa mọ̀ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran.