Thackray, Olùkọ́ Ìkérora

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní ìlú Barnsley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ kò tíì gbọ́ orúkọ Roland Thackray, ẹ dúró níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò jáde wá sọ ọ́ fún yín. Agbẹjọ́rò tí kò ṣí ìwé òfin rí, Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ tí ń lé ìjọba wọ igbó, Baba Mo-mọ̀-ọ́n-tán. Ó ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni òun ti na ìjọba nílé ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó bá a débẹ̀ rí.

Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni kó máa múra àwọn èèyàn sílẹ̀, àwọn tí ìjọba dá owó ìrànwọ́ aláàbọ̀ ara wọn dúró, tí wọ́n wá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ náà báyìí. Adájọ́ á jókòó síbi tirẹ̀, dókítà á jókòó síbi tirẹ̀, ìwọ náà á jókòó ti fóònù rẹ. Thackray ní níwọ̀n ìgbà tí wọn ò ti lè rí ẹsẹ̀ rẹ, ohùn rẹ ló gbọ́dọ̀ máa tiro.

Nítorí náà, gbogbo ọjọ́rú ló ń kọ́ wa ní ìkérora. Mo ní "wa" nítorí pé èmi ni mo ń po tíì níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà débi pé èmi tí ara mi le ń kérora lójú oorun. Ìkérora kékeré wà fún gígun àtẹ̀gùn, èyí tó wà láàárín jẹ́ ti ìwẹ̀ wíwẹ̀, èyí ńlá, tó ń ti inú ìfun bọ̀, ti oúnjẹ sísè ni. Thackray kì í gba owó. Páì ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló ń gbà, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná.

Ká sòótọ́, ó nídìí táwọn èèyàn fi ń tẹ̀ lé e. Ará ibí kì í gbà pé ara òun ò yá. Bó ti wù kó le tó, bí o bá bi í pé ṣé dáadáa ni, á ní, "Kò burú, mi ò lè ráhùn." Àwa náà kúkú ń sọ pé a dúpẹ́ nígbà tí òrùlé ń jò sí wa lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù owó wọn: dókítà kí wọn, wọ́n ní dáadáa làwọn wà, dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Thackray wá fòfin dè é. Ẹni tó bá ní "kò burú" nínú kíláàsì rẹ̀, páì méjì ni ìtanràn.

Lóṣù kẹta, ó kan Glenys Sugden. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè di ọwọ́ mọ́. Keith ọkọ rẹ̀ ní àrùn rọpárọsẹ̀, ó sì wà nílé ìtọ́jú kan tó jìnnà tó máìlì mọ́kànlá, bọ́ọ̀sì kò dé ibẹ̀. Owó ìrànwọ́ yìí ni Glenys fi ń yá mọ́tò kan tí wọ́n tún ṣe kí irú ọwọ́ rẹ̀ lè wà á. Bó bá pàdánù ẹjọ́, wọn á gba mọ́tò náà lópin oṣù, kò sì ní fojú kan Keith mọ́. Kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú ìyẹn.

Ó bi Thackray bóyá kí òun sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mú. Ẹ̀mú tí Keith máa ń fi yí sọ́séèjì lórí iná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àìsàn tó dé, ni. Glenys máa ń há a sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á fi fa ìbọ̀sẹ̀ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ wọ̀ láràárọ̀.

"Ẹ má dán an wò," ni Thackray wí. "Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ sáà máa kérora, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Fóònù kì í já geere nílé Glenys, torí náà gbọ̀ngàn wa ni wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún. Thackray pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mẹ́jọ wá wòran, ó so táì mọ́rùn, ó gbé fóònù Glenys sórí tábìlì, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, adájọ́ pè. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó dárúkọ ara rẹ̀ àti àwọn méjì tí wọ́n jọ jókòó, ó wá béèrè bóyá Glenys ń gbọ́ àwọn dáadáa.

Glenys wo Thackray. Thackray mi orí sí i pé kó bẹ̀rẹ̀. Glenys sì tú èyí ńlá sílẹ̀, ti oúnjẹ sísè.

 Dókítà wá béèrè bóyá kí àwọn pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ojú ti Glenys, kò mọ èyí tó kàn, ó bá tún ṣe ti ìwẹ̀ wíwẹ̀. Thackray rí i pé eré náà ti fẹ́ bà jẹ́, ló bá fò dìde.

"Adájọ́ àgbà, èmi ni agbẹnusọ obìnrin yìí. Roland Thackray."

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Thackray. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Kò burú o. Ara mi le koko, mi ò lè ráhùn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá, máìlì méjì gbáko, òkè ni gbogbo rẹ̀."

Gbogbo kíláàsì ló gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè páì ìtanràn.

A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé lódìkejì. Adájọ́ béèrè bóyá Thackray ti òpópónà Cemetery ni. Ó ní òun gan-an ni.

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin la máa pè ní aago méjìlá fún ẹjọ́ tiyín. A ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín."

Thackray máa ń ka lẹ́tà gbogbo àdúgbò. Tirẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tíì ṣí i. Adájọ́ ní òun kò ní sọ̀rọ̀ ẹjọ́ ẹlòmíì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Thackray ti ń ṣàlàyé.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, Thackray inú fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ yẹn yàtọ̀. Ìyẹn ò lè bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ahọ́n rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Kò sì lè rìn kọjá ogún mítà."

"Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí?"

 Adájọ́ ní kí Thackray jáde síta, ó sì bi Glenys bóyá ó fẹ́ káwọn tó kù dúró. Glenys ní kí wọ́n dúró.

Dókítà wá bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe ń wọṣọ. Glenys wo ilẹ̀kùn. Ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mú. Ó ní ọjọ́ tí ẹ̀mú bọ́ sílẹ̀, òun jókòó sétí ibùsùn láìwọṣọ títí aládùúgbò fi dé ní ọ̀sán. Kò kérora rárá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, èmi sì ní láti gbé ìkòkò tíì sílẹ̀ nítorí pé mi ò ríran dáadáa mọ́.

Wọ́n ní àwọn á pè padà. Ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn náà, wọ́n pè, wọ́n ní Glenys ló jàre, mọ́tò rẹ̀ kò ní lọ síbì kankan. Ó sunkún, àwa náà bá a sun ún.

Òórùn páì ló fa Thackray wọlé padà. Ó ní ṣé ẹ rí i, ẹ̀ẹ̀kejìlá nìyí tí òun na ìjọba. Páì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí aago méjìlá lù, tí fóònù sì ń dún nínú àpò rẹ̀. Gbogbo wa ń wo àpò náà.

Ó fà á yọ, ó nà án sí Glenys. "Ẹ bá mi gbé e, ọmọ ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò lè sọ̀rọ̀."

Glenys fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbà á, Pauline, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó jókòó tì í, bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Adájọ́ béèrè Ọ̀gbẹ́ni Thackray.

"Glenys ni o, ma. Ó wà níbí. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò lè sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Òun ni, ma."

"Báwo ló ṣe sọ ọ́?"

Glenys kò mọ irọ́ pa. "Ẹnu ló fi sọ ọ́, ma. Páì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ ketekete."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Glenys rọra gbé fóònù síwájú Thackray, ó ní ó yá, adájọ́ ń dúró dè é. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ọjọ́ náà sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí fọ́ọ̀mù náà sọ òótọ́.