Ẹni Tí Haigh Ò Lè Tàn Jẹ

Ẹnì kan bi Ìyáàfin Thackray léèrè rí pé irú oníbàárà wo ló máa ń ni lọ́yà lára jù. Ó ní, "Ẹni tó gbọ́n."

Ọ̀kan ló jókòó síwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Barnsley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárọ̀ ọjọ́ yìí, tí òórùn ẹyẹlé ara ẹ̀wù rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Oldroyd lorúkọ rẹ̀. Ó ti san ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá pọ́n-ùn fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Haigh, lórí ẹyẹlé tí Haigh sọ pé ọmọ bíbí ẹyẹlé tó gba ife-ẹ̀yẹ eré ìje ni. Ó fẹ́ gba owó rẹ̀ padà nílé ẹjọ́.

"Ẹyẹlé ọ̀hún wá ńkọ́?"

"Tí mo bá jù ú sókè ní Doncaster kó lè fò wálé bí ẹyẹlé eré ìje, orí òrùlé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ ló máa ń bà sí. Mọ́tò ni mo fi ń lọ gbé e wálé."

"Ẹjọ́ yín dára. Haigh parọ́, ó sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa: àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jà ti kó àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Ohun kan ló kù. Kẹ́ ẹ sọ fún adájọ́ pé ẹ gba Haigh gbọ́, òun lẹ ṣe sanwó."

Oldroyd gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi? Kí n gba Haigh gbọ́?"

"Ẹ ò gbà á gbọ́ ni?"

"Lọ́yà, láti kékeré ni mo ti ń wo ojú ẹyẹlé. Mo wo ti èyí fìrí báyìí, mo ti mọ̀ pé ẹyẹlé ìgboro ni!"

"Kí lẹ wá sanwó fún?"

"Mò ń dẹ pàkúté fún un ni."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá pọ́n-ùn lẹ fi dẹ pàkúté?"

"Ó kó sí i, àbí kò kó sí i?"

"Owó yín ló kó lọ."

Ìyáàfin Thackray bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Oldroyd, òfin kì í gbèjà ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó tún sanwó lé e lórí. Bó bá jẹ́ díẹ̀ péré lẹ gbà á gbọ́, díẹ̀ yẹn tó wa."

"Díẹ̀ kẹ̀? Kí gbogbo ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹlé máa gbọ́? Èmi alága wọn?"

"Ẹ mú ọ̀kan: alága tí wọ́n lù ní jìbìtì, àbí alága tówó rẹ̀ wọgbó."

"Ẹ kúkú sọ fún adájọ́ pé ó jí owó mi."

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kà á lé e lọ́wọ́, tẹ́ ẹ tún ra bíà fún un."

Oldroyd fò dìde. "Mò ń lọ."

"Owó ìjókòó òní ńkọ́?"

"Owó kẹ̀! Ẹ sọ lórí fóònù pé ẹjọ́ tó dára ni. Mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín gbọ́, mo wọkọ̀ wá. Ẹ tàn mí jẹ!"

Ìyáàfin Thackray rọra ti ìwé àti kálámù sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ń wá láti àárọ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi orúkọ Haigh dípò tèmi."

Oldroyd wo kálámù náà títí. Ó dé fìlà rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó bá jáde.

Haigh ń ná ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náà lọ. Owó lọ́yà ṣì wà lọ́rùn Oldroyd dòní.